Ìwé Láàbù Tó Kún fún Àmì Ìròpọ̀: Ṣé A Ti Mọ Ohun Tó Ń Ṣiṣẹ́ Nínú Tíì Màmá?

Ìbéèrè tó wọlé nìyí: “Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Tíṣà ni mí ní Ìlọrin. Ìyá mi, ẹni ọdún 67, ní àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru. Arábìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ń ta tíì àwọn ará Ṣáínà fún wọn, ó ní oríṣi ewé àti egbò mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀. Nígbà tí mo ní kí wọ́n má mu ún mọ́, arábìnrin náà gbé ìwé láàbù jáde: alkaloids +++, flavonoids +++, saponins ++, tannins +. Ojú-ewé kejì ní orúkọ kẹ́míkà 43, pẹ̀lú ìdá tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kó. Ó ní ẹ̀rí rèé pé sáyẹ́ǹsì ti mọ ohun tó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Ṣé lóòótọ́ ni? Tí wọ́n bá sì ti mọ̀ ọ́n, kí ló dé tí wọn ò yọ ìyẹn nìkan jáde ká máa lò ó bíi Panadol? Ìyá mi ní tíì náà ń ṣe àwọn lóore. Mo fi àwòrán ìwé náà àti páálí tíì ránṣẹ́.”

Ẹ kú àmójútó Màmá o. Ohun tó ń dààmú yín yé mi. Èèyàn lè bá ẹni tó ń polówó ọjà jiyàn, àmọ́ tí wọ́n bá ti gbé ìwé tó ní òǹtẹ̀ síwájú ẹni, ẹnu á wọhò. Mo ti lo ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n nídìí iṣẹ́ yìí, kí n máa wá ohun tó ń ṣiṣẹ́ nínú ewé àti egbò, mo sì ti fọwọ́ ara mi kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ rí. Ó ṣeé ṣe kí ìwé náà má parọ́ kankan. Ohun tí arábìnrin yẹn ní ó sọ gan-an ni kò sọ.

Ẹ jẹ́ ká mú ojú-ewé kìíní. Alkaloids, flavonoids, saponins, tannins: orúkọ ìdílé ni gbogbo wọn, kì í ṣe orúkọ ẹnì kan. Caffeine inú obì, alkaloid ni. Nicotine inú tábà, alkaloid ni. Quinine tí àwọn bàbá wa fi wo ibà, alkaloid ni. Strychnine tí wọ́n fi ń pa eku, alkaloid ni. Tí ẹnì kan bá ní ọmọ Ìbàdàn kan wà nínú bọ́ọ̀sì tó ń bọ̀, ẹ ò tíì mọ̀ bóyá nọ́ọ̀sì ni tàbí jàgùdà. Bí wọ́n ṣe ń ṣe àyẹ̀wò yìí pàápàá kò le. Wọn á rẹ ewé náà sínú ọtí tàbí omi gbígbóná, wọn á pín in sínú àwọn ìgò tẹ́ẹ́rẹ́, wọn á kán kẹ́míkà kan sí i, wọn á wo àwọ̀ tó bá yọ. Ti saponin ló rọrùn jù: ẹ kàn máa mi ìgò náà ni, tó bá hó bí ọṣẹ, tí ìfófòó náà ò sì tètè wálẹ̀, ẹ fi àmì ìròpọ̀ méjì sí i. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa máa ń parí ti ewé mẹ́wàá kí wọ́n tó lọ jẹun ọ̀sán. Ẹ mú ewúro, ẹ mú ewé gúáfà, ẹ mú tíì Lipton tó wà nílé yín, ẹ gbé wọn lọ síbẹ̀, gbogbo wọn ló máa gba àmì ìròpọ̀ tiwọn bọ̀. Àmì yẹn ò mọ ohun tó ń jẹ́ àtọ̀gbẹ.

Ojú-ewé kejì ló máa ń já àwọn èèyàn láyà, nítorí àwọn orúkọ gígùn tó wà níbẹ̀. Bí mo ṣe rí i nínú àwòrán, ẹ̀rọ GC-MS ni wọ́n lò. Ẹ̀rọ tó dára ni, èmi náà ń lò ó. Á mú nǹkan gbóná títí á fi di afẹ́fẹ́, á gbá a gba inú ọ̀pá kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú, á fọ́ mólékù kọ̀ọ̀kan sí wẹ́wẹ́, á wo bí ìfọ́kù náà ṣe rí, á sì wá èyí tó jọ ọ́ jù lọ nínú àkójọ orúkọ tó wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Àmọ́ ohun tí kò bá lè di afẹ́fẹ́ kó fò kò ní yọjú síbẹ̀ rárá, ọ̀pọ̀ ohun pàtàkì tó wà nínú egbò àwọn ará Ṣáínà ni kì í sì í fò. Àwọn ginsenoside inú ginseng wúwo ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí ooru bá bà jẹ́ á fi orúkọ ẹlòmíràn yọjú. Ẹ̀rọ náà ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé “mi ò mọ ẹni yìí”, ẹni tó bá jọ ọ́ jù ló máa pè. Tí onímọ̀ ò bá wá jókòó tì í kó yẹ orúkọ wọ̀nyẹn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn tó fara jọ ara wọn lásán ló tẹ̀ sórí ìwé.

Mi ò ní torí pé mo ti dàgbà nídìí iṣẹ́ náà kí n fi ìtìjú tèmi pamọ́. Ní ọdún kẹta tí mo bẹ̀rẹ̀, mo ń lé èròjà kan nínú èèpo igi kan. Oṣù márùn-ún ni mo fi lé e. Epo tó mọ́ gaara ni, ojú kan náà ló máa ń yọ sí lójoojúmọ́, ó pọ̀ dáadáa, mo ti ń ro orúkọ tí màá sọ ọ́. Ọjọ́ tí mo gbé àwòrán rẹ̀ lọ fún ọ̀gá mi, wọn ò tiẹ̀ jókòó. Wọ́n ní, “Rọ́bà wo lo fi ń fa ether rẹ?” Ether ni omi kẹ́míkà tí mo fi ń yọ èròjà náà. Ohun tí mo ń lé, phthalate ni, òróró tí wọ́n máa ń fi sínú ike kó lè rọ̀. Ara ọ̀pá rọ́bà mi ló ti ń yọ́ wá, kò débi igi náà rí láyé rẹ̀. Ẹ wá wo orúkọ 43 tó wà lọ́wọ́ yín dáadáa. Ó ku díẹ̀ kí ẹ dé ìsàlẹ̀ lẹ máa rí phthalate níbẹ̀, wọ́n kọ ìdá tó kó síwájú rẹ̀, wọ́n sì kà á mọ́ àwọn tó ń wo Màmá sàn.

Báwo wá ni wọ́n ṣe ń mọ ohun tó ń ṣiṣẹ́? Àìsàn ni wọ́n máa ń jẹ́ kó tọ́ka sí i. Wọn á mú gbogbo omi egbò náà, wọn á dán an wò lára kòkòrò àìsàn, tàbí lára sẹ́ẹ̀lì, tàbí lára eku. Tó bá ṣe nǹkan, wọn á pín in sí ọ̀nà mélòó kan, wọn á tún dán ìpín kọ̀ọ̀kan wò, èyí tó bá ṣiṣẹ́ ni wọ́n á tún pín, wọn á gbé ìyókù sẹ́gbẹ̀ẹ́, títí á fi ku ẹyọ kan. Iṣẹ́ ọdẹ ni. Ajá ló ń gbọ́ òórùn ẹran, ọdẹ kàn ń tẹ̀ lé e ni. Ìwé tí wọ́n gbé wá fún yín ò ní ajá.

Àpẹẹrẹ tó sún mọ́ wa jù lọ wà nínú páálí oògùn ibà tí ẹ máa rí ní kẹ́mísìtì èyíkéyìí ní Ìlọrin. Artemether tí wọ́n kọ sára rẹ̀, inú ewé àwọn ará Ṣáínà kan tó ń jẹ́ qinghao ni wọ́n ti rí ìyá tó bí i, ìyẹn artemisinin. Ní ọjọ́ 23 oṣù Karùn-ún, 1967, ìjọba Ṣáínà dá iṣẹ́ àṣírí kan sílẹ̀ tí wọ́n fi ọjọ́ náà sọ lórúkọ, Iṣẹ́ 523, nítorí ibà ń pa àwọn ọmọ ogun Àríwá Vietnam, chloroquine ò sì rí i mú mọ́. Ìyáàfin Tu Youyou dara pọ̀ mọ́ ọn ní 1969. Òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Beijing kó ohun tó lé ní 2,000 ìlànà oògùn jọ láti inú ìwé àtijọ́ àti lẹ́nu àwọn oníṣègùn, wọ́n mú nǹkan bí 200 ewé àti egbò, wọ́n sì yọ omi wọn lóríṣiríṣi títí ó fi di 380, wọ́n ń fún eku tó ní ibà. Nígbà kan qinghao dá kòkòrò náà dúró dé ìdá 68 nínú 100. Wọ́n tún un ṣe, ó já wọn kulẹ̀. Ẹni tó bá ti ṣe irú iṣẹ́ yìí mọ bí ọjọ́ yẹn ṣe máa ń rí: ewé kan náà, ọwọ́ kan náà, àná ó jẹ́, òní kò jẹ́.

Tu wá padà sídìí ìwé Ge Hong, oníṣègùn tó gbé ayé ní ọ̀rúndún kẹrin. Ìlà kan wà níbẹ̀ pé kí èèyàn mú qinghao ẹ̀kúnwọ́ kan, kó rẹ ẹ́ sínú omi, kó fún un, kó mu omi rẹ̀ tán. Bí a ṣe ń fún ewúro gan-an nìyẹn. Ge Hong ò ní kí wọ́n sè é. Tu wá fura pé iná ló ń ba nǹkan náà jẹ́. Ó lo ether, tó máa ń hó ní ìwọ̀n 35 Celsius péré, tí kò tiẹ̀ tó ooru ara èèyàn, ó sì fọ apá tó ní ásíìdì dànù kúrò lára rẹ̀. Ìgò tí wọ́n kọ 191 sí lára, ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá, 1971, kò ṣẹ́ kòkòrò kankan kù nínú eku. Ní 1972, òun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì kọ́kọ́ mu ún fúnra wọn kó tó di pé wọ́n fún aláìsàn, nígbà tó sì di oṣù Kọkànlá ọdún yẹn, wọ́n ti rí i ní ẹyọ, ó funfun, ó ń dán bí iyọ̀.

Ohun tó máa ń dùn mọ́ mi jù nínú ìtàn yìí kì í ṣe ẹ̀bùn Nobel tí wọ́n fún un ní 2015. Bí artemisinin ṣe mọ ara í fi pamọ́ ni. Tí a bá kán omi ewé náà sórí àwo pẹlẹbẹ tí a fi ìyẹ̀fun silica kùn, tí a jẹ́ kí omi kẹ́míkà kan fà á gòkè, tí a wá gbé e sábẹ́ iná UV nínú òkùnkùn, àwọn àmì tó máa yọ á wù yín wò. Chlorophyll á pọ́n bí ẹyinná, òmíràn á tàn ní búlúù, òmíràn ní yẹ́lò, bí aṣọ ọdún. Artemisinin ò ní sí níbẹ̀. Kì í tàn. Àfi ká fín kẹ́míkà sí àwo náà, ká yan án lórí iná, kó tó yọjú. Ẹ gbé e fún GC-MS yẹn náà, ooru ẹ̀rọ á fọ́ ọ. Ẹni tó bá ń wá ohun tó ń tàn jù, tàbí ohun tó pọ̀ jù, á gbá artemisinin dànù mọ́ pàǹtí. Eku ló bá wọn rí i. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi X-ray wo bí mólékù náà ṣe rí, wọ́n rí ọ́síjìn méjì tó so mọ́ra bí afárá nínú rẹ̀. Tí wọ́n bá yọ ọ̀kan kúrò, kò lè pa kòkòrò ibà mọ́. Ibi tó dé yìí lẹnu gbà á kí èèyàn sọ pé a ti mọ ohun tó ń ṣiṣẹ́.

Ọ̀nà mìíràn wà tí èèyàn ò ní pín omi, tó máa jẹ́ ewé ló ń yọ kúrò nínú àdàlù lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn dókítà kan ní Ṣáínà ṣàkíyèsí pé àwọn tó ní irú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kan máa ń rí ìtura tí wọ́n bá lo oògùn oníhóró kan tó ń jẹ́ Danggui Longhui Wan. Nǹkan mọ́kànlá ló wà nínú rẹ̀, láti orí gbòǹgbò kíkorò dé orí òórùn dídùn tí wọ́n ń rí lára àgbọ̀nrín. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yọ wọ́n, títí wọ́n fi rí i pé ẹyọ kan ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́: qing dai. Ẹ mọ ohun tó ń jẹ́ qing dai? Aró ni. Mi ò fi wé aró, mo ní aró. Kì í ṣe ẹ̀lú wa ni wọ́n fi ń ṣe é, ewé tiwọn yàtọ̀, àmọ́ ìlànà rẹ̀ ò ní ṣàjèjì sí aláró Òṣogbo tàbí ti Abẹ́òkúta. Wọn á rẹ ewé sínú omi títí á fi kan, wọn á da ẹfun sí i níbi tí tiwa ti ń lo omi eérú, wọn á máa pò ó títí ìfófòó búlúù á fi rú, wọn á kó ìfófòó náà sá. Indigo tó ń mú àdìrẹ dúdú ló kún inú rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ì bá sọ pé indigo náà ló ń ṣiṣẹ́, ṣebí òun ló pọ̀, òun lojú ń rí. Òun kọ́. Àbúrò rẹ̀ kan tó pọ́n, tí kì í pọ̀, tó máa ń bá a rìn nígbà tí wọ́n bá ń ṣe aró láti ara ewé, ni. Wọ́n ń pè é ní indirubin. Ní 1999 àwọn onímọ̀ kan fi hàn pé ó ń dí àwọn ènsáìmù tó ń pàṣẹ fún sẹ́ẹ̀lì pé kó pín sí méjì. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má lọ bu aró mu o. Indirubin kì í fẹ́ yọ́ nínú omi, ó máa ń da inú rú, qing dai fúnra rẹ̀ sì ti mú kí ìfúnpá ga nínú iṣan ẹ̀dọ̀fóró àwọn kan tó ń lò ó fún àrùn ìfun ní Jàpáàn, débi pé ìjọba ibẹ̀ kìlọ̀ ní 2016.

Ajá ọdẹ náà máa ń gbó òfìfo o, kí n má tàn yín. Tannin máa ń lẹ̀ mọ́ èyíkéyìí nínú purotéènì tó bá rí, nítorí náà bí àyẹ̀wò bá jẹ́ ti purotéènì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ìgbà ló máa dà bíi pé ó ṣiṣẹ́. Saponin máa ń fọ́ sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀. Tí a bá ń dán oògùn ibà wò nínú ìgò, kòkòrò á kú lóòótọ́, àmọ́ ilé tó ń gbé ló wó lù ú. Apá kejì rẹ̀ ni pé ajá lè dákẹ́ síwájú ẹran gan-an. Dahuang, egbò àwọn ará Ṣáínà kan tí wọ́n ń lò fún inú kíkún, ní sennoside nínú, ìdílé kan náà pẹ̀lú ohun tó wà nínú oògùn Senna. Tí ẹ bá dà á sórí sẹ́ẹ̀lì nínú àwo, ẹ lè jókòó tì í dọ̀la. Àwọn kòkòrò tó ń gbé inú ìfun wa ló máa yí i padà kó tó di ohun tó ń ṣí inú. Ohun tó wà nínú ewé náà kọ́ ló ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, ọmọ rẹ̀ ni.

Èyí ló gbé mi dé ìbéèrè yín kejì, pé kí ló dé tí wọn ò yọ ọ́ jáde bíi Panadol. Wọ́n ti yọ àwọn kan. Nagai Nagayoshi, ará Jàpáàn, yọ ephedrine jáde láti inú ewéko mahuang ti Ṣáínà ní 1885, oògùn tó ń la ihò imú àti ọ̀nà ọ̀fun ni. Camptothecin tí wọ́n rí nínú igi xi shu, tí wọ́n kéde rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1966, ló bí irinotecan tí wọ́n fi ń wo jẹjẹrẹ ìfun lónìí. Àmọ́ tí wọ́n bá yọ ọ́ tán, kì í ṣe tíì mọ́, dókítà ló ń kọ ọ́, ó ní ìwọ̀n, ó sì ní ewu tirẹ̀. Òmíràn wà tí kì í ṣe iṣẹ́ ẹnì kan. Ní 2008, àwọn onímọ̀ kan láti Shanghai tẹ iṣẹ́ wọn jáde lórí oògùn kan tí wọ́n fi ń wo jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀, tó ní òkúta arsenic, aró yẹn náà, àti gbòǹgbò danshen nínú. Arsenic ló ń pa sẹ́ẹ̀lì burúkú náà. Indirubin àti èròjà inú danshen ló ń ṣí ìlẹ̀kùn fún un kó lè wọlé. Ẹ pín wọn kí ẹ dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ wọn ò ní tó bẹ́ẹ̀. Ẹ ò rí i pé aró tó dá ṣiṣẹ́ láàárín mọ́kànlá níjọ́sí ti di ọmọ ẹ̀yìn níbí. Ẹni tó bá ní gbogbo oògùn ìbílẹ̀ ló ní ẹyọ kan tó ń ṣiṣẹ́, irọ́ ló pa. Ẹni tó bá sì ní gbogbo wọn ló gbọ́dọ̀ wà pọ̀, ó fẹ́ kí wọ́n má bi òun ní nǹkan kan ni.

Ká tiẹ̀ wá ní a mọ èròjà náà, ṣé ewé yẹn gan-an ló wà nínú àpò? Ní Brussels, olú ìlú Belgium, láàárín 1990 sí 1992, ilé ìwòsàn kan fún àwọn obìnrin tó fẹ́ fọn ní oògùn oníhóró tí wọ́n ní egbò fangji wà nínú rẹ̀. Kíndìnrín wọn bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Àwọn tó kàgbákò náà lé ní ọgọ́rùn-ún, jẹjẹrẹ sì tún wá mú àwọn kan nínú wọn lẹ́yìn náà. Fangji méjì ló wà: han fangji, tí kò ní ewu bẹ́ẹ̀, àti guang fangji, tó ní aristolochic acid, májèlé kíndìnrín. Orúkọ ló jọra, bí ẹ̀fìnrìn ńlá àti ẹ̀fìnrìn wẹ́wẹ́, ẹni tó di àpò ò bi ẹnikẹ́ni. Ìgbà tí wọ́n yẹ àpò náà wò nínú láàbù ni wọ́n rí i pé tetrandrine, èròjà han fangji, tó yẹ kó wà níbẹ̀ kò sí, aristolochic acid tí kò yẹ kó wà níbẹ̀ ló jókòó. Ká tún fi ti bí wọ́n ṣe ń pèsè rẹ̀ kún un. Egbò fuzi ní aconitine, tó lè dá ọkàn èèyàn dúró. Àwọn oníṣègùn ibẹ̀ máa ń sè é fún wákàtí mélòó kan kó tó di mímu, bí a ṣe ń rẹ ẹ̀gẹ́ kí a tó fi ṣe fùfú. Ẹni tó ń kánjú pa owó ò ní sè é pẹ́.

Ìgbà tí mo tètè mọ ohun tó ń ṣiṣẹ́ jù lọ láyé mi, ọ̀sán ọjọ́ kan péré ni. Wọ́n gbé àgúnmu kan wá, àtọ̀gbẹ náà ni wọ́n ní ó ń wò, àwọn tó ń lò ó sì ń jẹ́rìí sí i. Mo kán an sórí àwo, mo kán glibenclamide, oògùn òyìnbó fún àtọ̀gbẹ tí a rà ní kẹ́mísìtì, sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àmì méjèèjì gòkè bákan náà, wọ́n dúró sójú kan náà bí ìbejì. Ẹnì kan ló lọ oògùn òyìnbó mọ́ ewé, kò sì wọ̀n ọ́n. Ní Singapore ní 2008, glibenclamide yìí náà ni wọ́n bá nínú oògùn agbára ọkùnrin tí àwọn èèyàn ń rà níta, ṣúgà wọn já lulẹ̀, àwọn kan kú. Nítorí náà tí tíì kan bá ń mú ṣúgà wálẹ̀ lọ́nà ìyanu, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń rò ni ta ló ti lọ kẹ́mísìtì.

Ó wá ku Màmá. Lára páálí tí ẹ yà mo rí huanglian àti gancao nínú àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Huanglian ní ẹsẹ̀ nílẹ̀ díẹ̀: gbòǹgbò yẹ́lò kan ni, berberine ló wà nínú rẹ̀, wọ́n sì ti dán berberine wò lára àwọn alátọ̀gbẹ ní Ṣáínà, ṣúgà wọn wálẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tí wọ́n dán an wò lára wọn ò pọ̀. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Gíráàmù kan sí kan àbọ̀ lójúmọ́ ni wọ́n ń lò nínú àwọn ìdánwò náà. Gíráàmù méjì ni àpò tíì Màmá kan. Tí huanglian bá kó ìdá kan nínú mẹ́fà rẹ̀, tí berberine sì jẹ́ bí ìdá 5 sí 8 nínú 100 huanglian náà, kò tó mílígíráàmù 30 nínú àpò kan, ká tiẹ̀ ní gbogbo rẹ̀ yọ́ sómi. Màmá á mu ju ọgbọ̀n àpò lọ lójúmọ́ kí wọ́n tó dé ibẹ̀. Ẹ tún tọ́ ọ wò. Àwọn ará Ṣáínà máa ń sọ pé odi tó jẹ huanglian ò lè sọ bó ṣe korò tó. Tí tíì náà ò bá mú yín fajú ro, huanglian inú rẹ̀ ò tó nǹkan.

Ti gancao ló kàn mí jù. Egbò dídùn ni, wọ́n máa ń fi sí ọ̀pọ̀ oògùn kí adùn rẹ̀ lè bo ìkorò. Glycyrrhizin inú rẹ̀ máa ń jẹ́ kí ara mú iyọ̀ dání, kó sì tọ potassium dànù, ìfúnpá á wá máa lọ sókè. Ẹni tó ti ní ẹ̀jẹ̀ ríru, tó ń mu ún tàárọ̀ talẹ́, ń bá oògùn dókítà rẹ̀ jà láìmọ̀. Tó bá jẹ́ ìyá mi ni, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru ni màá ṣe ní kí wọ́n dá tíì náà dúró, kì í ṣe nítorí àtọ̀gbẹ.

Ẹ má bá wọn jiyàn pé kò ṣe wọ́n lóore. Ó lè ti ṣe é. Ẹ bi wọ́n pẹ̀lẹ́ pé láti ìgbà tí tíì ti dé, ṣé wọ́n ṣì ń mu mínírà? Ṣé ẹ̀bà alẹ́ ò ti kéré? Àwọn tó ń tà á sábà máa ń fi òfin oúnjẹ kún un, òfin yẹn nìkan tó láti mú ṣúgà wálẹ̀. Oògùn àtọ̀gbẹ tí dókítà kọ fún wọn àti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn ò gbọ́dọ̀ dúró lọ́jọ́ kankan. Ẹ fi ẹ̀rọ wọn ṣúgà wọn láàárọ̀ kí wọ́n tó jẹun fún ọ̀sẹ̀ méjì tí tíì ò sí, ẹ wọn ìfúnpá náà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ gbé e lọ fún dókítà wọn pẹ̀lú páálí tíì náà. Tí òógùn tútù bá bò wọ́n, tí ọwọ́ ń gbọ̀n, tí wọ́n ń sọ ìsọkúsọ nígbà tí wọ́n bá mu ún, ẹ fún wọn ní omi ṣúgà kíá, kí ẹ gbé wọn lọ sílé ìwòsàn. Nọ́ńbà NAFDAC tó wà lára páálí ò túmọ̀ sí pé ó ń wo àtọ̀gbẹ. Tí ẹ bá ka lẹ́tà kékeré tó wà lára ọ̀pọ̀ oògùn ìbílẹ̀, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé NAFDAC ò tíì yẹ ohun tí wọ́n ní ó ń wò wò.

Orí àwòrán ni mo ti ń sọ̀rọ̀, mi ò lè bá yín búra ohun tó wà nínú àpò náà. Kò sì sí láàbù tó máa sọ fún yín láàárín ọ̀sẹ̀ kan pé èyí ni ohun tó ń ṣiṣẹ́. Ọdún mélòó kan nìyẹn máa ń gbà, nígbà tí owó bá wà, tí NEPA ò sì mú iná lọ láàárín. Ohun tí wọ́n lè ṣe fún yín láàárín ọ̀sẹ̀ kan ni kí wọ́n wá oògùn òyìnbó, lẹ́ẹ̀dì àti mẹ́kúrì inú rẹ̀. Tí ẹ bá máa gbé e lọ, ẹ gbé àpò tí ẹ ò tíì tú lọ, pẹ̀lú páálí rẹ̀. Tó bá jẹ́ èyí tí ẹ ti rẹ sómi ni, inú ìgò onígíláàsì ni kí ẹ dà á sí. Ẹ má dà á sínú ike.